Ilẹ̀ Ilé Tálákà: Iṣẹ́ tó Wà Lọ́rùn Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi ilé ṣe ibùsinmi fún ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. 

Bí àlejò bá wọ ilé, ògiri àti òrùlé ni yóò yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ ti ń rákòrò, ilẹ̀ ni ìyá ń tẹ́ ẹní sí, ilẹ̀ náà sì ni onílé ń fi iwájú orí kàn nígbà tó bá ń kírun. Ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ kò dára kò tíì di ilé.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ èyí. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tò ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní àwọn agboolé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn obìnrin a máa lu ilẹ̀ kí ó le, wọn a sì fi ẹlẹ́bọ́tọ̀ pa á títí yóò fi dán. Iṣẹ́ àṣetúnṣe ni, ọwọ́ púpọ̀ ni ó sì ń gbà. Lónìí, àwọn ọmọ ti lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ó sì ku ìyá àgbà nìkan nínú ilé alámọ̀. Ilẹ̀ ti hú, omi òjò ń rin ín, kò sì sí ẹni tí yóò pa á.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti ojú lásán. Aràn kan wà tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ara láti inú ilẹ̀ tútù tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́. Ìfun ni ó ń dì mọ́, tí yóò máa mu ẹ̀jẹ̀. Jìgá pẹ̀lú a máa bí sí inú eruku ilẹ̀. Ní ọdún 2000, ìjọba ìpínlẹ̀ Coahuila ní Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ sí pín kọnkéré fún àwọn tálákà tí ilé wọn kò ní ju erùpẹ̀ lásán lọ. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé níbi tí sìmẹ́ǹtì ti rọ́pò gbogbo erùpẹ̀ ilẹ̀ ilé, aràn inú àwọn ọmọdé dínkù ní ìdá 78 nínú 100, ìgbẹ́ gbuuru ní ìdá 49, àìtó ẹ̀jẹ̀ ní ìdá 81.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé: ṣebí erùpẹ̀ mọ́, tí a fi ń ṣe tayamọ́mù? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ mímọ́ yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ń pa ọmọ lára, Ìsìlàámù kò sì fàyè gba ìpalára.

Ta ni yóò ṣe é? Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 16, sọ pé kí ìjọba lépa ibùgbé tó yẹ fún gbogbo ọmọ ìlú; ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Nínú ètò ọdún 1975 sí 1980, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí ilé 202,000. Èyí tó kọ́ kò tó ìdá 15 nínú 100. Nítorí náà, ẹnu àti gègé ni ó kù. Ní Wales, àwọn ayálégbé ìjọba a máa bá ilẹ̀ ní ìhòòhò nígbà tí wọ́n bá kó wọlé. Àwọn ènìyàn pariwo rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìlànà ilé wọn pọn dandan pé kí a tẹ́ nǹkan sí ilẹ̀ kí ayálégbé tuntun tó wọlé.

Ṣùgbọ́n kí a tó bá ìjọba wí, ẹ wo mọ́sálásí. Táìsì ń dán níbẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì nípọn. Opó tí ń gbé ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ sì ń sùn lórí erùpẹ̀. Kí ni ẹni tó kírun tán yóò wí fún un?

Kí àwọn ọ̀dọ́ jámáà kọ̀ọ̀kan ka iye yàrá tó wà bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wọn. Kí a gbé sàká lé aláìní lọ́wọ́ láti tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Kí a lo sàárà fún ìyókù. Kí bíríkìlà tó wà nínú ẹgbẹ́ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lóṣù: kí ó kọ́kọ́ to òkúta wẹ́wẹ́, kí ó kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, kí sìmẹ́ǹtì má baà sán. Kí onílé tó jẹ́ Mùsùlùmí má gba owó ilé lórí ilẹ̀ tó ti hú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n má sì dákẹ́.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Àmín.