Kí Owó àti Àṣẹ Tẹ̀lé Ìtọ́jú Dé Abúlé

Kì í ṣe òkè òkun la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ó yẹ kí ìtọ́jú sún mọ́ ará oko. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ tó yí ọsibítù Àrò ká. Aláìsàn kì í dá wá. Ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ní láti bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a rìn lọ gba ìtọ́jú lọ́sibítù. Tó bá ṣe, wọn a padà sọ́dọ̀ onílé wọn. Lámbò tún fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé ọsibítù yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè kọ́ yàrá kún ilé, ó sì bá wọn ṣètò omi àti ṣáláńgá. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko lábúlé náà jẹ nínú àǹfààní yẹn.

Ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, di mínísítà ìlera ní 1985. Títí di 1992 tó fi kúrò, ó fa ìtọ́jú alábọ́ọ́dé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Iṣẹ́ dé ìsàlẹ̀. Owó kò bá a dé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò àpapọ̀ tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó. Òfin ìlera 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, síbẹ̀ 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi sínú ìṣúná. Inú bí mi sí ọdún wọ̀nyẹn, nítorí àwọn aboyún kò dúró de ìṣúná kí wọ́n tó rọbí.

Ẹ wo Abẹ́òkúta, ìlú wa. Ọsibítù Sacred Heart ti wà ní Làńtòrò láti 1895, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà. Ẹni tó bá ń rọbí lóru ní oko Ọ̀dẹ́dá tàbí Ọbáfẹ́mi-Owódé, ọ̀kadà ni yóò gbé e, bí a bá rí ọlọ́kadà jí. Ó lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n kùn lọ́dà, ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì ti ti ilẹ̀kùn lọ sílé láti ìrọ̀lẹ́.

Ní oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ ni mo dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ẹ kọ́ ibùgbé nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì jẹ́ kí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù lè fọwọ́ sí owó oògùn fúnra wọn, kí fáìlì má ṣe tún rìn dé ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn kí wọ́n tó ra oògùn ibà.