Ìwọ̀n Kan fún Ọkùnrin àti Obìnrin

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)

Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi. Nítorí náà, láti ilé-ẹ̀kọ́ ni n ó ti mú ọ̀rọ̀ mi wá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọbìnrin kan lóyún. Kíláàsì kan náà ni òun àti ọmọkùnrin tí ó fún un lóyún wà, ọmọkùnrin náà kò sì sẹ́. A pe àwa olùkọ́ jọ. Kò pẹ́ rárá tí a fi ní kí ọmọbìnrin náà máa lọ sílé. Ní ti ọmọkùnrin, a nà án ní ẹgba mẹ́fà, ó padà sí àyè rẹ̀, ó sì ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí ni ó mọ ìṣirò jù nínú wọn. Mo wà níbẹ̀, n kò sì lanu sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo tún fojú kàn án, ata ni ó ń tà ní Ọjà Jagun, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì kúnlẹ̀ kí mi. Ìkúnlẹ̀ náà dùn mí ju èébú lọ.

Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 1968, ní ẹsẹ 127, pa á láṣẹ pé kí a yọ obìnrin ọlọ́pàá tí kò tí ì lọ́kọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá lóyún. Kò sí irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, wọ́n torí rẹ̀ lé ọlọ́pàábìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́ fagi lé ẹsẹ náà, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún obìnrin náà ní owó gbà-má-bínú.

Àwọn kan yóò wí pé ara obìnrin ni oyún ti ń hàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oyún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀rí ni. Ẹni tí ẹ̀rí wà lára rẹ̀ kò dá nìkan ṣe é. Nílé wa pàápàá, bí ọmọ bá dára, a ní ti baba ni. Bí kò bá dára, a ní ti ìyá rẹ̀ ni. Agbọ́tẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

N kò wí pé kí a gba ìṣekúṣe láyè. Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí a máa bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà, kí ọmọbìnrin padà sí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, kí òbí ọmọkùnrin sì bá wọn gbé ìnáwó ọmọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni à ń fi fà á mọ́ra. Ọmọbìnrin ni ọwọ́ òsì wa ń bá wí. Ọmọkùnrin nìkan ni ọwọ́ ọ̀tún wa ń fà mọ́ra. Àwọn méjèèjì ni ọmọ wa.

Kí Ògbómọ̀ṣọ́ máa gbèrú sí i.