Ojú Àwọn Àgbà Wa Nínú Àwòrán

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Àṣìṣe tiwa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a lọ ya àwòrán ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, orí kámẹ́rà ni iná fíláàṣì wà, ó kọjú sí bàbá gan-an. Àwòrán náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pélé tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́. Iwájú orí rẹ̀ ń dán bí àwo, òjìji rẹ̀ sì dúdú lára ògiri bí ẹnì kejì. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè pé, “Ṣé bàbá wa nìyí, tàbí àbúrò wọn?” A ní a ó padà lọ yà á. Kí a tó padà, bàbá ti papòdà.

Kòtò tín-ín-rín ni ilà ojú. Òjìji inú kòtò náà ni a fi ń rí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọ̀kánkán wá, òjìji kò sí, ilà a sì parẹ́. Bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ilà a yọ, ìhunjọ ojú a yọ, imú a sì ga bí Ọlọ́run ti dá a.

Nítorí náà, ẹ yọ iná kúrò lórí kámẹ́rà. Gbogbo ohun tí a nílò kò ju ẹrù àpò kan lọ: iná fíláàṣì kékeré tí ń lo bátìrì mẹ́rin, òpó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣeé ká, agboòrùn funfun tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá, àti ẹ̀rọ kékeré méjì, ọ̀kan lórí kámẹ́rà, èkejì lábẹ́ iná, tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí okùn. Kò sí ewu ẹ̀tù magnesium tí Miethe àti Gaedicke gbé jáde ní Jámánì ní ọdún 1887, tí èéfín rẹ̀ ń kún ilé, tí ó sì ń jó ayàwòrán lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí bàbá jókòó níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 6 sí ògiri. Ẹ gbé iná àti agboòrùn sí àárín iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó ga ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ó sì sún mọ́ ọn. Sísúnmọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà. Bí ẹ bá sún iná láti ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ojú kò dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó kù. Òjìji rẹ̀ a sì tún le sí i. Ní ìhà kejì, kí ọmọdé kan di aṣọ funfun tí a fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, kí ó dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ṣókùnkùn.

Ẹ fi kámẹ́rà sí ISO 200, 1/125 àti f/5.6, kí ẹ ya ọ̀kan wò, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín dín iná kù tàbí kí ẹ fi kún un. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Agbádá funfun a máa tàn án jẹ: a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, a dín in kù, ojú bàbá a sì dúdú ju bí ó ti rí lọ.

Ó ku mẹ́ta láyé nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Alága ti yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún wa ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹ bá wa mú wọn wá, kí ẹ sì bá wọn nu òróró kúrò níwájú orí.