Bí Oúnjẹ Gbígbẹ Yóò Ṣe Pẹ́ Nílé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)



Ní ọdún kan, èmi ni wọ́n kó ẹ̀wà àwọn ọmọ òrukàn fún pé kí n tọ́jú. Àpò méjì ni. Mo so ẹnu wọn, mo gbé wọn sílẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí mo tú wọn lóṣù kẹta, kòkòrò àti ìyẹ̀fun ni mo bá. Àmáánà ni, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Ànọ́bì Yúsúfù ní kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀. Àwọn ìyá wa náà ń so àgbàdo pẹ̀lú háhá rẹ̀ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò. Ó dára fún àgbàdo díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ so odindi àpò rọ̀?

Kẹ́ẹ̀gì ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹ kọ́kọ́ sá ẹ̀wà lórí ẹní, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da ẹ̀wà díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá. Bí ẹ bá dé e pẹ̀lú omi lára, yóò bu, sísè kì í sì í mú oró oúnjẹ tó bu kúrò. Tó bá ti gbẹ, tó sì ti tutù, ẹ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, yóò sì kú. Ẹ má ṣí i fún oṣù méjì.

Bákan náà ni àpò onípele mẹ́ta ṣe ń ṣiṣẹ́: ọ̀rá méjì nínú, àpò líle lóde. Kamẹrúùnù ni àwọn ará Yunifásítì Purdue ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ó gba ẹrù ju kẹ́ẹ̀gì lọ, àmọ́ bí eku bá ti lu ú, ó parí.

Gààrí kò ní wàhálà bí ó bá yan dáadáa, tó sì tutù kí a tó dì í. Ẹja gbígbẹ ní tirẹ̀, ẹ máa dá a padà sórí iná lóòrèkóòrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọtapíápíá sí ẹ̀wà. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ohun tí àwọn yẹn kọ̀, ṣé ọmọ òrukàn la fẹ́ fún?

Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ̀gì òróró tó ṣófo, tí ìdérí rẹ̀ le, kó fọ̀ ọ́, kó sá a gbẹ, kó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ò gba ti kẹrosíìnì o.