Kí A Tó Gun Òrùlé

Ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ bó ṣe máa ń rí. Òjò á rọ̀ lóru, omi á kán sórí ẹní àwọn ọmọ. Ilẹ̀ á mọ́, a ó sáré ra ọ̀dà àti sìmẹ́ǹtì, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀gangan ibi tí omi ti ń kán. Òjò kejì á rọ̀, yóò tún jò. Fún opó tó ń fi ọjà kékeré tọ́ ọmọ mẹ́rin, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lè gbé owó ilé-ìwé lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ni ẹ̀sọ̀ níbí?

Èkínní, ibi tí omi ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tí páànù ti lu. Omi á wọlé lókè, á máa ṣàn tẹ̀lé igi òrùlé wá sísàlẹ̀ kó tó kán sórí àjà. Nítorí náà, òkè ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò.

Èkejì, ṣé gbogbo òjò ló ń jò, àbí èyí tó bá afẹ́fẹ́ wá nìkan? Bó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn, tàbí ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri. Bí omi bá ń kán nígbà tí òjò ò rọ̀ rárá, páìpù tàbí táǹkì ni ká yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta, ká wo ìṣó. Orí ibi tó ga lára páànù ló yẹ kó wà, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà kọjá. Oòrùn a sì máa gbẹ rọ́bà abẹ́ ìṣó títí yóò fi là.

Bí kò bá tíì yé wa, lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, kí ẹnì kan máa da omi díẹ̀díẹ̀ sórí páànù, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹlòmíràn máa wòkè nínú ilé. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn dé ibi gbogbo, a ò ní mọ ibi tó gbà wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, bí omi bá ti dé ibi wáyà iná, ẹ pa iná níbi mítà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má sì gun páànù tó tutù.

Bí ẹ bá pe káfíńtà, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé, “Èló ni?” Ẹ bi í pé, “Kí ló fà á? Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi hàn yín. Àwa tí a ń dá owó tún ilé àwọn ọmọ òrukàn ṣe, ẹ jẹ́ ká bèèrè bẹ́ẹ̀ kí á tó sanwó, nítorí àmánà ni owó náà lọ́wọ́ wa. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo ilé gbogbo wa. Àmín.