Ta Ló Ń Mú Ìwé Owó Ẹgbẹ́ Yín Dání?

 

Nínú ẹgbẹ́ àdúgbò yín, ta ló ń gba owó jọ? Ta ló ń se oúnjẹ ìpàdé? Ẹ ó rí i pé obìnrin ló pọ̀ níbẹ̀. Ó dáa. Ta ló wá ń bu ọwọ́ lùwé ní báǹkì? Ta ni akọ̀wé? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

A rò pé tí obìnrin méjì bá ti jókòó síwájú, ọ̀rọ̀ ti parí. Rárá o. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìwé, àtẹ́wọ́ nìkan ló máa pa.

Ẹ wo Abẹ́òkúta, ìtòsí wa níbí. Ní 1932, Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin tó kàwé bíi tirẹ̀ dá Abeokuta Ladies Club sílẹ̀. Nígbà tó di 1944, wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ làwọn ìyá ti ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n: wọ́n ń gba ìrẹsì wọn lọ́jà, owó orí sì ń ni wọ́n lára. Ni olùkọ́ bá di akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, tọlọ́jà tọ̀mọ̀wé. Ní 1947, wọ́n tú jáde lọ sí ààfin. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí o: kí wọ́n tó dé ààfin, A, B, D ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó tì.

Kí ni tiwa n'Íbàdàn? Mẹ́ta péré. Àkọ́kọ́, ẹ máa ka ìwé owó sókè ní ìpàdé, lédè Yorùbá, kí ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà lè béèrè ìbéèrè. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún ẹni tí kò lè kà á. Èkejì, ẹ máa pààrọ̀ akọ̀wé. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó ti ẹni tó fẹ́ gbà á. Ẹ̀kẹta, ẹ bi àwọn obìnrin ìgbà tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn kí ẹ tó dá ìpàdé. Ìpàdé tó bọ́ sí ìgbà tí ọjà ń gbóná ti lé wọn kí wọ́n tó dé.

Bàbá alága lè bínú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sọ pé: "Bàbá, a ò fura sí yín o. A fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, kó má baà dàrú lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kí a gbà á." Lẹ́yìn náà, kí ẹ jókòó, kí ẹ ṣí ìwé.

Ó dìgbà kan ná.