Ìje Píkọ́ọ̀pù: Bí Òfin Ṣe Sọ Eré Àsápajúdé Di Iṣẹ́ Ọwọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní ìlú Àwẹ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ẹni tó fi ìwé kíkà ṣe iṣẹ́ jẹun wá ń sọ̀rọ̀ ìje ọkọ̀ láàrin àwọn àgbà, kí ó rántí ibi tí a jókòó sí. Ní ọdún 1901 ni ojú irin rélùwéè tó ti Èkó bọ̀ dé Ìbàdàn. Nígbà tó di 1906, ní àsìkò Gómìnà Walter Egerton, ìjọba la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́, ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ akẹ́rù ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ọ̀nà yẹn ló gba Fìdítì àti Ìlọrà, tó sì kọjá lẹ́bàá wa níhìn-ín. Kí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá tó mọ bí táyà ti rí, àwọn bàbá wa ti ń yà fún un lójú ọ̀nà. Nítorí náà, bí a bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti eré rẹ̀ ti tọ́ sí sísọ, ẹ má jẹ́ kí a wá a lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé lónìí: agbára ọkọ̀ àti àyà líle awakọ̀ kò tíì tó láti pe eré ní ìje; òfin tó so gbogbo eléré pọ̀ àti ọgbà tó yà wọ́n kúrò lára èrò ọjà ló ń sọ ọ́ di ìje. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó mú píkọ́ọ̀pù, ọkọ̀ tí a ṣe fún ẹrù, tí wọ́n fi dá ìdíje gbogbogbòò sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè wọn, ni n ó fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Gbogbo wa la mọ píkọ́ọ̀pù. Peugeot 404 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni 504 gba ipò, nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ti dé Kàdúná láti ọdún 1975. Toyota Hilux, tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní 1968, ló wá di ààyò ọlọ́pàá, agbaṣẹ́ṣe àti olóṣèlú. Ọkọ̀ yìí ni í kó ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó kúrò ní Fìdítì, òun ni í gbé gààrí lọ sọ́jà, òun ni í gbé sìmẹ́ńtì wá fún akọ́lé, òun náà ni í gbé ẹrù ìyàwó. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọjà bá tú, tí awakọ̀ méjì bá sì fojú kan ara wọn lórí títì: ẹnìkínní ò ní gbà kí ẹnìkejì ya òun sílẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa lu pátákó, èrò tó jókòó sórí àpò gààrí á máa pe Ọlọ́run, àwọn méjèèjì á sì máa ná ọ̀nà tó ní kòtò bí ẹni pé ẹnì kan ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ. Kò sí ife ẹ̀yẹ níbẹ̀, kò sí adájọ́, kò sì sí ohun tí olúborí ń rí gbà ju pé ó dé ilé lọ.

Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan la bẹ̀rẹ̀ báyìí. Láti 1920 títí di 1933 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ọtí líle, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará òkè ìhà gúúsù, tí wọ́n ń pọn ọtí nínú igbó gẹ́gẹ́ bí a ti ń pọn ògógóró lábẹ́lẹ̀ ní ayé òyìnbó amúnisìn, ń kó o lóru lọ sí ìlú ńlá. Àwọn awakọ̀ wọn tún ẹ́ńjìnì ṣe kí ó lè ya ti ọlọ́pàá sílẹ̀. Wọ́n mú ìrù ọkọ̀ le kí ẹrù má baà jẹ́ kí ó tẹ̀. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń já kọ́nà òkè láìtan iná. Fàyàwọ́ ni wọ́n, bí àwọn tí ń kó ìrẹsì gba ojú ọ̀nà igbó láti ilẹ̀ Benin wọlé. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní í lé e. Ejò tó lé àwọn wọ̀nyí ló sọ wọ́n di ọ̀gá awakọ̀. Àwọn kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje ní ọjọ́ ìsinmi, lórí ilẹ̀ oko tí a fi ẹsẹ̀ táyà tẹ̀ di pápá, níbi tí onílé eré ti lè kó owó ìwọlé sá lọ kí eré tó parí, tí òfin pápá kan kì í bá ti èkejì mu.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bill France rí i pé eré tí kò ní òfin kò lè bọ́ ẹni tí ń sá a. Ní oṣù Kejìlá 1947, ó pe àwọn onípápá, awakọ̀ àti mẹ́káníìkì jọ sí Daytona Beach ní Florida, wọ́n sì fẹnu kò. Ní oṣù Kejì 1948 ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NASCAR di ohun tí ìjọba mọ̀. Ohun tí France fún wọn ni ìwé òfin kan náà fún gbogbo pápá, iye àmì kan náà fún gbogbo eléré, àti ẹ̀jẹ́ pé olúborí yóò gba owó rẹ̀.

Ó tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà kí píkọ́ọ̀pù tó wọ inú ọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti California, Dick Landfield, Jimmy Smith, Jim Venable àti Frank Vessels, tí wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sáré nínú aṣálẹ̀, ló gbé èrò náà lọ bá NASCAR. Ní 1994 wọ́n fi í han aráyé bí eré àfihàn. Nígbà tó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1995, ní Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, ìdíje gidi bẹ̀rẹ̀. Mike Skinner, tó wa Chevrolet, ló borí lọ́jọ́ náà. Nínú ogún ìje tí wọ́n sá lọ́dún yẹn, mẹ́jọ ni ó gbà, òun sì ni a fi joyè àkọ́kọ́. Craftsman, orúkọ irinṣẹ́ mẹ́káníìkì tí ilé ìtajà Sears ń tà, ni wọ́n fi pe ìdíje náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ náà sì tún padà ní 2023. Ní 2004 ni Toyota gbé píkọ́ọ̀pù Tundra wọlé. Àwọn kan ní ọkọ̀ àlejò kò gbọdọ̀ bá ti onílé díje, ṣùgbọ́n òfin gbà á, nígbà tó sì di 2006, Todd Bodine fi Toyota gba adé ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ̀ náà fínnífínní, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní Ford tàbí Chevrolet ti ojú títì ni, àmọ́ bí ó bá sún mọ́ ọn, á rí i pé iná iwájú rẹ̀ jẹ́ àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ọn, pé ẹ̀yìn tó yẹ kó gba ẹrù ti di bíbò, àti pé kò ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Ojú fèrèsé ni awakọ̀ ń gbà wọlé, wọn a sì fi àwọ̀n dí i lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ awọ yẹn, páìpù irin tí àwọn wẹ́dà jó pọ̀ ló yí awakọ̀ ká. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́jọ tí fífẹ̀ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 358 íǹṣì kúbíìkì, èyí tó súnmọ́ lítà mẹ́fà, ni òfin là sílẹ̀. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í, jíà mẹ́rin tí a ń fi ọwọ́ jù ló sì ní. Irú ọkọ̀ báyìí kì í ní aago tó ń sọ iye eré tí ó ń sá: aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì ni awakọ̀ ń wò, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹnì kan tó dúró sí òkè pápá, tó ń fi rédíò sọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún un. Kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olùṣàyẹ̀wò á fi ìwọ̀n wọn ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìje bá parí, wọn á tún ẹ́ńjìnì olúborí tú. Ẹni tó gé ohun tí òfin ní kí a má gé, yóò pàdánù ohun tí ó jẹ.

Òfin náà mọ ọjọ́ orí: ọmọ ọdún 16 lè díje ní pápá kéékèèké, ṣùgbọ́n pápá ńláńlá ń dúró de ọdún 18. Ó sì mọ àpò olówó kékeré: ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, wọ́n a máa dá ìje dúró láàrin méjì, bíi ti bọ́ọ̀lù, kí ẹgbẹ́ tí kò lè gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè rí àyè pààrọ̀ táyà. Ní 2013 wọ́n gbé e lọ sí pápá erùpẹ̀ ní Eldora, ní ìpínlẹ̀ Ohio, Austin Dillon sì borí. Láti 1970 títí di ọjọ́ náà, àwọn ìdíje àgbà NASCAR kò sáré lórí erùpẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀run ni mo ń ṣàpèjúwe. Òfin àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ ló kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. John Nemechek kú lẹ́yìn ìjàǹbá ìje píkọ́ọ̀pù ní 1997. Tony Roper kú bẹ́ẹ̀ ní Texas ní 2000. Ní oṣù Kejì ọdún 2000 yìí kan náà, ní Daytona, ọkọ̀ Geoff Bodine fò lọ kọlu àwọ̀n ọgbà, ó gbaná, ó ń yí gbirigbiri. Àwọn òǹwòran fara pa, egungun rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n ó yè, ó sì padà sórí pápá lọ́dún náà, nítorí bí ẹṣin bá dá ni, a máa ń tún un gùn. Nígbà tí Dale Earnhardt, akọni wọn, kú ní ìje àgbà ní 2001, ni wọ́n sọ ohun èlò tó ń di ọrùn awakọ̀ mú di dandan, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògiri tó ń gba agbára ìkọlù sára pápá.

Òfin sì lè wà kí ọwọ́ ẹni tó ń dì í mú wọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1963, ní Jacksonville, Wendell Scott, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ló kọ́kọ́ parí ìje, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n gbé ife fún níwájú èrò. Ìgbà tí èrò ti túká ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé Scott ló borí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún kí aláwọ̀ dúdú mìíràn tó borí nínú ìdíje orílẹ̀-èdè NASCAR: Bubba Wallace ni, ní Martinsville, ní oṣù Kẹwàá 2013, ìdíje píkọ́ọ̀pù yìí ló sì ti rí i gbà. Rajah Caruth, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ló ti kọ́kọ́ kọ́ ìje, tẹ̀ lé e ní Las Vegas ní 2024. Jesse Iwuji pẹ̀lú, ológun ojú omi tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti Nàìjíríà ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wa píkọ́ọ̀pù nínú ìdíje yìí ní 2018. Ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti rí ìje, èyí tó sì wọ̀ ọ́ púpọ̀ kò ní ọgbà. Ní 1972, ìje Bandama ní Ivory Coast le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Thierry Sabine, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ ìje Paris sí Dakar ní òpin 1978: ọkọ̀ àti alùpùpù 182 ló gbéra, 74 ló dé Senegal, lẹ́yìn tí wọ́n ti la Algeria, Niger àti Mali kọjá. Gbogbo ayé yìn ín, ṣùgbọ́n àárín abúlé ni wọ́n ń gbà, àwọn ọmọdé tí kò forúkọ sílẹ̀ fún ìje kankan sì kú lẹ́bàá ọ̀nà. Ní 2006 nìkan, ọmọ kan kú ní Guinea, òmíràn kú ní Senegal. Ìbẹ̀rù apániláyà ní Mauritania ló lé ìje náà kúrò lọ́dọ̀ wa ní 2008. Toyota Hilux tí wọ́n kọ́ ní South Africa sì ni awakọ̀ Nasser Al-Attiyah fi gbà á ní Peru ní 2019. Ẹ gbọ́ o: Hilux, irú èyí tó kún títì wa, tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ Áfíríkà tún ṣe.

Àwa ńkọ́? Ilẹ̀ wa kò ṣàìní òfin títì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ló dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988, tí Wole Soyinka sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn wẹ́dà wa lè jó páìpù. Àwọn mẹ́káníìkì wa ń fi ẹ̀yà ọkọ̀ mẹ́ta jí èyí tó ti kú dìde. Ohun tí a kò ní ni ibi tí a lè fi ọ̀nà hàn fún ẹ̀jẹ̀ gbígbóná. A ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó má sáré, a kò sọ ibi tí yóò ti sá a fún un.

Nítorí náà, mo gbé e kalẹ̀ níwájú Kábíyèsí, níwájú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió àti ẹgbẹ́ àwọn mẹ́káníìkì: kí a wá ilẹ̀ tó jìnnà sí ilé àti ọjà, kí a tẹ́ pápá erùpẹ̀ sórí rẹ̀, kí a sì fi ọgbà tó le yí i ká. Kí ẹgbẹ́ mẹ́káníìkì fúnra wọn kọ ìwé òfin: ẹ́ńjìnì kan náà, páìpù irin yí awakọ̀ ká, bẹ́líìtì àti akoto, àyẹ̀wò ṣáájú àti lẹ́yìn ìje, kí ọmọ ọba tó bá rúfin sì jókòó sílé bí ọmọ tálákà. Kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa jó irin ọkọ̀ ìje náà pọ̀ lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá. Kí ẹni tí a bá sì mú tó ń sáré àsápajúdé lórí títì, má tún wọ pápá lọ́dún náà, ìbáà ṣe olúborí ọdún tó kọjá. Ìjìyà yẹn yóò dùn ún ju owó ìtanràn lọ, nítorí ohun tó fẹ́ràn ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ sáré, kí ó wá sí ọgbà. Ẹni tó bá wà lórí títì, kí ó gbé ẹrù dé ilé.